Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Yín: Ọ̀rọ̀ Lórí Ogún Pínpín àti Ìjà Ọmọ Ìyá

Níwájú àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní gbọ̀ngàn ìpàdé kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin bàbá wa tó wà níjòókòó, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ìyá ìjọ, ìyá àdínnì, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, Lísàbí á gbè wá o.

Nígbà tí àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogún, ẹnìkan nínú wọn rọ̀ mí pé kí n rọra, pé àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ikú lójú òun. Mo gbọ́. Mo máa rọra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú gbogbo wa tó jókòó síbí, ta ni kò mọ ilé kan, ó kéré tán ilé kan ṣoṣo, tí ọmọ ìyá kan náà ò ti kí ara wọn mọ́ nítorí ogún? Ẹ má wulẹ̀ nawọ́. Mo ti rí ojú yín.

Ẹ rìn gba inú Ìtòkú kọjá, ẹ rìn dé Láfẹ́nwá, ẹ wọ inú àwọn agbo ilé wa tó ti pẹ́, kí ẹ máa wo ara ògiri. Ẹ ó rí i níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Àlejò tó bá kọjá á rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni wọ́n ń fi lé. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn tó ń wá bá mi ní ọ́fíìsì, ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ tà, àbúrò ló gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ bàbá kan ló ń fi ọ̀dà kìlọ̀ fún ọmọ bàbá ẹ̀, lára ògiri tí bàbá àwọn méjèèjì fọwọ́ ara rẹ̀ mọ.

Iṣẹ́ lọ́yà ni mo ń ṣe, ẹjọ́ ogún ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo wá sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun tí òbí mọ̀ tí kò sọ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó sọ fún ọmọ kan ní kọ̀rọ̀, tí àwọn tó kù ò gbọ́, ló ń dá a sílẹ̀. Owó kàn máa ń dé bá ìjà náà nílẹ̀ ni.

Ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú

Màmá kan wà ní Ìtòkú, aláàdìrẹ ni. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ti sùn. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fún wọn, ọkọ kan náà. Àkọ́bí ọkùnrin wà ní Èkó, àwọn mẹ́ta wà káàkiri, ọmọbìnrin kan, ẹnìkẹta nínú wọn, ló dúró ti màmá. Òun ló ń po aró. Òun ló ń ya ẹlẹ́kọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ta ẹ̀kọ sára aṣọ, tó ń rẹ ẹ́, tó ń sá a. Nígbà tí ẹsẹ̀ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, òun ló ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ láti ọsibítù. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, aró ò sì kúrò ní èékánná rẹ̀ títí dòní.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn, màmá á sọ fún un pé, "Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù yìí o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹ." Wọ́n sọ ọ́ léraléra. Àwọn méjèèjì nìkan ló máa ń wà níbẹ̀.

Màmá kú, wọ́n sin màmá dáadáa. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ kó ara wọn jọ sí pálọ̀, wọ́n gbé àpótí páànù màmá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kó sányán, wọ́n kó àlàárì, wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n bá ọ̀rá kan tí màmá fi rọ́bà dì. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù wà nínú ẹ̀, orúkọ màmá ló wà lórí ẹ̀. Káàdì àjọ wà níbẹ̀. Fọ́tò bàbá wà níbẹ̀. Ìwé kankan ò sí níbẹ̀ tó sọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn màmá. Ọmọbìnrin yìí bá ní, "Màmá ti ní tèmi ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Ta ló gbọ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn ti tú ilé ká ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ta ló gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bínú sí ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, tí mo pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀gbọ́n kó ìwé bánkì jáde. Nígbà tí òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà ṣí, òun ló fi owó rẹ̀ kan òmíràn, òun ló san owó páànù, òun ló san owó kápẹ́ńtà. Màmá gba owó náà, wọ́n súre fún un lórí fóònù, wọ́n sì sọ fún un pé, "Ẹ̀yin márààrún lẹ ni ín, ìwọ ni wàá sì máa bá mi bójú tó o." Wọn ò sọ fún ọmọbìnrin pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fowó ránṣẹ́. Wọn ò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àwọn ti ṣèlérí ṣọ́ọ̀bù fún àbúrò rẹ̀. Ìfẹ́ ni màmá ní sí àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Kálukú ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un.

Kí ni òfin sọ? Ohun ìní ìyá, gbogbo ọmọ tó bí ló ni ín. Tí ìyá bá sì fẹ́ ta ọmọ kan lọ́rẹ nígbà ayé rẹ̀, àṣà wa fàyè gba á, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó fa ohun náà lé ọmọ lọ́wọ́, kí ọmọ gbà á, kí ó dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì méjì sọ nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, kò sí adájọ́ tó lè rí ibi dì í mú.

Àbúrò fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n wá láti Èkó, ó fi tirẹ̀ kún un. Àgádágodo méjì lára ilẹ̀kùn kan. Aró tó wà nínú ìkòkò bàjẹ́ sínú ìkòkò. Àwọn oníbàárà yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Níkẹyìn wọ́n tà á, wọ́n pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, ohun tó kan ọmọbìnrin yẹn ò tó o gba ṣọ́ọ̀bù míì ní Ìtòkú. Àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Màmá tó jókòó síbí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀ tàbí ní Sápọ́n, ta ni ẹ ti ṣèlérí fún? Àwọn tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́?

Ìdí-igi àti orí-ò-jorí

Ọ̀pọ̀ ìjà ló tún ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni méjì bá ń pe àṣà, tí ohun tí wọ́n ń pè ní àṣà ò sì jọra.

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún bàbá. Ìdí-igi ni pé wọ́n á ka iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá, wọ́n á fi iye yẹn pín ogún, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á wá pín èyí tó kàn wọ́n. Orí-ò-jorí ni pé iye ọmọ ni wọ́n á kà. Ẹ gbọ́ bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Bàbá kan ní ìyàwó méjì. Ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó bí mẹ́fà. Bàbá fi mílíọ̀nù 14 náírà sílẹ̀. Tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyáálé á gba mílíọ̀nù 7, àwọn mẹ́fà á pín mílíọ̀nù 7 tó kù, ohun tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Tí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, mílíọ̀nù 2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ ìyáálé á ní ìdí-igi ni àṣà. Àwọn mẹ́fà á ní orí-ò-jorí ni àṣà. Kò sí èyí tó purọ́.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo lọ́yà mọ̀, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bàbá kan kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún, ìyẹn wíìlì, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín ogún náà ní orí-ò-jorí, ó rí i pé òun ló bá ìgbà mu. Ní 1958, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yí ìdájọ́ yẹn padà, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, síwájú Privy Council, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa nígbà náà, àwọn náà fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ohun tí ìdájọ́ náà fi sílẹ̀ fún orí-ò-jorí ni pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín ogún, olórí ẹbí ní àṣẹ láti wò ó, kó sì pinnu bóyá kí wọ́n lo orí-ò-jorí.

Ẹ rò ó wò. Ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ohun tí bàbá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní pálọ̀ rẹ̀, níṣojú àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí ó tó lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ obìnrin. Mo ṣì ń gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹbí pé, "Obìnrin ti lọ ilé ọkọ, kí ni tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Kì í ṣe àṣà Yorùbá. Nínú ìdí-igi, obìnrin ní tirẹ̀. Nínú orí-ò-jorí, orí obìnrin jẹ́ orí. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni kóòtù ti ń dá a bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Yorùbá. Àwọn àṣà ibòmíràn tó ní kí obìnrin má jogún bàbá rẹ̀ pàápàá, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fagi lé e ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó dá lórí àṣà Ìgbò. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó bá ń lé àbúrò rẹ̀ obìnrin kúrò nídìí ogún, kò ní òfin lẹ́yìn, kò sì ní àṣà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tiyín le díẹ̀, mi ò sì ní tàn yín. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ láti 1957. Àwọn ọmọ tí ẹ bí fún un ló ń jogún. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, òfin míì ló ń ṣiṣẹ́ fún un, ó ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ìdána nìkan ló ṣe, àfi kí ọkọ rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá, màmá tí ẹ jọ jẹ ìyà, tó ń ta gàrí kí ẹ lè ra búlọ́ọ̀kù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ọmọ tí bàbá bí síta. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kankan du ohun tó tọ́ sí i. Ọmọ yẹn máa jogún. Bóyá àwọn ọmọ ilé á mọ̀ ọ́n kí bàbá tó kú, tàbí wọ́n á kọ́kọ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ìyẹn wà lọ́wọ́ bàbá. Mo ti wà níbi ìsìnkú kan tí àkọ́bí gan-an ti ń bi mí létí pé, "Lọ́yà, ta ni bọ̀dá tó jọ Dádì yẹn?" Ó ti lé lógójì ọdún, ẹni tó ń bi mí. Ojú tó fi wò mí ò kúrò lọ́kàn mi.

Ìwé ìhágún

Àwọn kan gbà pé ìwé ìhágún, èyí tí wọ́n ń pè ní wíìlì, ti àwọn olówó ni. Ẹni tó ní yàrá méjì àti pálọ̀ nílò rẹ̀ ju olówó lọ, nítorí ilé kan ṣoṣo ò ṣeé pín bí owó bánkì.

Kí ló ń mú un dúró? Kí ó wà lákọsílẹ̀. Kí ọpọlọ ẹni tó ń ṣe é pé, kí ó mọ ohun tó ń ṣe. Kí ó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀, ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá kan ní apá Adátán fẹ́ fi ilẹ̀ oko rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, aládùúgbò kan àti ọkọ ọmọ náà ló wà nítòsí, ó ní kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọkọ yẹn ò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìwé náà dúró, ìpín àwọn tó kù dúró, ìpín tirẹ̀ nìkan ló ṣubú.

Ẹni tó bá ti kọ ìwé ìhágún, tó wá lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn náà, kí ó kọ òmíràn, ti àkọ́kọ́ ti kú. Ẹ má sì kọ ohun tí kì í ṣe tiyín sínú rẹ̀. Òfin ìwé ìhágún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1958, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976, sọ ọ́ pé àṣà ni yóò borí níbi tí àṣà bá ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Ilé ẹbí tí bàbá bàbá yín kọ́ ní Aké, tí ẹ̀ ń gbé yàrá kan nínú rẹ̀, ẹ ò lè há a fún ọmọ yín. Ẹbí ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ next of kin náà ńkọ́? Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí bánkì tàbí sí ibi iṣẹ́, ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ pè ni. Kì í ṣe pé ó ti jogún owó. Mo ti rí àbúrò tó jókòó tẹ̀ǹtẹ̀rẹ̀ tó ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ni next of kin, kí wọ́n lọ sinmi. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní ọ́fíìsì pròbéètì, ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, kí bánkì tó lè fún wọn ní owó náà. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ náà sì ń bá gbogbo àwọn tó kù mú un dání ni.

Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ mọ ohun tí Kùránì sọ nínú Súrátù Nísáì. Ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti obìnrin. Bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á pín in. Ọ̀rọ̀ Ànábì ló fi kún un pé ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ há kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kì í sì í ṣe fún ẹni tó ti ní ìpín tẹ́lẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta yìí, bàbá lè jẹ́ Àlàájì, kí ọmọ rẹ̀ méjì máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò bá sọ ìlànà tó fẹ́, àwọn kan á ní àlùfáà ni kó pín in, àwọn kan á ní olórí ẹbí, àwọn kan á gba kóòtù lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí àwa lọ́yà pàápàá kì í sọ ọ́ tó.

Bàbá kan ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó gba lọ́yà, ẹlẹ́rìí pé, ìwé wà ní pròbéètì. Ó fi ilé ńlá sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kejì, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ọmọ kejì yìí ló ta mọ́tò rẹ̀ láti fi san owó iṣẹ́ abẹ bàbá. Bàbá ò fẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé òun ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀, kò sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà, gbogbo ilé dàrú. Wọ́n ní ó ti fi oògùn mú bàbá. Wọ́n ní kì í ṣe bàbá ló fọwọ́ sí i. Wọ́n pe ẹjọ́. Ìwé tó pé pérépéré ni mo ń sọ o! Bí bàbá yẹn bá ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, tó ní, "Ọmọ mi kejì yìí ló san owó tí mo fi wà láàyè, mo sì fẹ́ fi ilé yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," wọ́n lè bínú lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Wọ́n á bínú sí bàbá, bàbá á dá wọn lóhùn. Nígbà tó ti kú, ta ni wọ́n máa bínú sí? Ara wọn náà ni.

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń rò. Bàbá kan sọ ọ́ fún mi ní ojúkorojú: "Lọ́yà, tí wọ́n bá ti mọ ohun tí mo ní, wọn ò ní wá wò mí mọ́." Màmá kan ní tí òun bá sọ ọ́, ìyàwó ọmọ òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: kò pọn dandan kí ẹ sọ iye tó wà ní bánkì. Ìlànà ni kí ẹ sọ, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ sì lè yí ìwé ìhágún padà nígbàkigbà tí ẹ bá ṣì wà láyé. Ọmọ tó bá yí ìwà padà, ẹ yí ìwé padà. Sísọ tí ẹ sọ ọ́ kò so yín lọ́wọ́.

Ẹ pe wọ́n jọ nígbà ọdún, nígbà tí wọ́n bá wálé fún Iléyá tàbí Kérésì. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kan tàbí àgbà ẹbí kan wà níbẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì hàn wọ́n, ẹ fi sọ́fè hàn wọ́n. Gbèsè tí ẹ jẹ, ẹ sọ ọ́. Ilẹ̀ tí ẹ ti gbowó lé lórí, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀yin àkọ́bí

Èyí ò ní gùn. Bí bàbá bá kú, dàwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló ń di olórí ilé. Kóòtù ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole. Àmọ́ ẹ̀yin dàwódù, àbójútó ni wọ́n fà lé yín lọ́wọ́. Owó rẹ́ǹtì tí ẹ̀ ń gbà lórí ilé bàbá yín, ti gbogbo yín ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ìwé náà han àwọn àbúrò yín kí wọ́n tó béèrè. Olórí ẹbí tó bá dá ilé ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kóòtù lè dá ọjà náà padà. Àwọn àbúrò tó bá sì lọ tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, wọn ò ta nǹkan kan. Àwọn ajagungbalẹ̀ mọ òfin yìí dáadáa. Ilé tí àwọn ọmọ ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí iná ti ń jó nílé yín

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí bàbá tàbí ìyá wọn ti kú, tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi tó ń jẹun nídìí kóòtù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ogún lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti rí èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ ti gbé e lọ́wọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ẹnìkan tí gbogbo yín ń bọ̀wọ̀ fún, tí kò ní kọ́bọ̀ nínú ogún náà. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ ohun tí òbí sọ fún un, láìjẹ́ pé ẹnìkan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu, ohun tí ẹ máa gbọ́. Nínú ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú yẹn, lọ́dọ̀ mi ni ọmọbìnrin yẹn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó òrùlé. Ó dákẹ́, ó ní, "Bọ̀dá ló san án?" Ká ní ó mọ̀ kí wọ́n tó ti àgádágodo, ẹnu ọ̀nà yẹn ì bá má tì.

Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Bí ẹjọ́ bá ti wà ní kóòtù tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì lè parí rẹ̀ nílé, kí ẹ gbé àdéhùn yín fún adájọ́, kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́. Inú adájọ́ máa dùn sí i. Bí ilé náà ò bá ṣeé pín, ẹ lè jẹ́ kí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ máa san owó fún àwọn tó kù díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rà á tán. Mo ti rí ilé mẹ́rin, márùn-ún tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń ṣọdún.

Ibi tí mo mú ọ̀rọ̀ mi dé nìyí. Wọ́n ní a ní àkókò fún ìbéèrè. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́, kí ó mú un wá síwájú, a jọ máa wò ó. Màmá tó wọ aṣọ àdìrẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ti rí ọwọ́ yín láti àárọ̀. Ẹ gba ẹ̀rọ, ẹ sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ yín.